Ta Ló Ń Dín Ìbàdí Gáùn Kù?

Ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró kan ló là yàrá Màmá àti yàrá Ìyàwó láàárín. Lọ́wọ́ ọ̀tún, Màmá ń rán aṣọ; lọ́wọ́ òsì, Ìyàwó náà ń rán aṣọ. Ìyá ọkọ ni Màmá, aya ọmọ rẹ̀ ni Ìyàwó. Ọmọ tó so wọ́n pọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà, ó di ìparí oṣù kó tó wálé, nítorí náà àwọn obìnrin méjì yìí ló ń gbọ́ òórùn ara wọn látàárọ̀ dalẹ́.

Jókòó-Dáadáa ni àwọn oníbàárà ń pe Màmá. Orúkọ náà kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti fi téèpù yí ìbàdí obìnrin ká, tó rí iye tó jẹ́, á fi ìka méjì kún un kó tó gé aṣọ. Bí oníbàárà bá ní kí ló dé, Màmá á ní, "Ti ìdúró lo fi hàn mí yẹn. Ti ìjókòó ń kọ́?" Ó gbà pé gáùn tí èèyàn ò lè wọ̀ jẹun yó kì í ṣe gáùn, báńdéèjì ni. Òun alára ní ìdí, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ń bọ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró yẹn, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ á fara mọ́ ògiri, òun náà á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n jẹ́ kí tírélà kọjá.

Ìyàwó kò sí nínú ìyẹn. Lójú tirẹ̀, bí ara bá ṣe rí ni kí aṣọ rí. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó fara balẹ̀ jókòó. Ó ní èèyàn méjì lè wọ inú gáùn Màmá kí wọ́n sì máa ṣòfófó níbẹ̀. Màmá ní tìrẹ náà, èèyàn ní láti yá èémí lọ́wọ́ aládùúgbò kó tó lè fa síìpù rẹ̀ dókè. Àwàdà ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe nígbà yẹn.

Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ti ń ya pátánì, àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ lé gé aṣọ. Ìyàwó ló kọ́ Màmá, Màmá sì mọ̀ ọ́n débi tó fi ń ti gíláàsì ojú rẹ̀ sórí imú bí agbẹjọ́rò. Tẹ́lẹ̀, bí pátánì bá máa ti yàrá kan lọ sí èkejì, inú fíláàṣì kékeré ni wọ́n ń fi í sí, fíláàṣì náà a sì máa sọnù sínú àgékù aṣọ, wọ́n á gbá a dànù mọ́ òwú. Ìgbà tó sú wọn ni wọ́n pe Àna Oníwáyà, ọkọ ọmọbìnrin Màmá, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Àna wá, ó gba inú àpótí kékeré tó ń tanná wínníwínní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀. Ó pe ọ̀kan ní MÀMÁ, ó pe èkejì ní ÌYÀWÓ. Ó ṣí fódà kan sójú kọ̀ǹpútà Màmá, ó kọ TI ÌYÀWÓ sí i lára, ó ní ohunkóhun tí Ìyàwó bá fi síbẹ̀, Màmá lè ṣí i láti orí àga tirẹ̀ láìdìde.

Èyí tó wu Màmá jù ni àìdìde yẹn. Ó mi orí bí alángbá. Ó ti yé e: bí ọbẹ̀ ni. Ìyàwó se ọbẹ̀ sí ìkòkò, ó bu tèmi ránṣẹ́ sí mi nínú àwo. Bí mo bá fi iyọ̀ sí tèmi, kí ló kan ìkòkò? Kò bi Àna bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ti yé àgbà, kí ló tún fẹ́ bèèrè sí?

Kò pẹ́ sí i ni iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì dé. Ọ̀gá àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan fẹ́ gáùn tuntun fún gbogbo obìnrin abẹ́ rẹ̀. Obìnrin gbígbẹ kan ni, ojú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń wá ìdọ̀tí lára ife. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ rán ọ̀kan kí òun wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ wá, ó sì ti wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́, kò sí àjẹkù. Bí ìyẹn bá tẹ́ òun lọ́rùn, iṣẹ́ yòókù ti di tiwọn. Ìyàwó ní òun á ya pátánì. Màmá ní òun á tẹ̀ ẹ́ jáde, òun á sì gé aṣọ, nítorí kò sí ẹni tó mọ àlùmọ́gàjí lò tó òun nílé náà. Ìyàwó gbà, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ó ní, "Àbí kẹ́ ẹ sinmi nínú èyí, Màmá?"

Ọ̀rọ̀ sinmi yẹn ni kò kúrò létí Màmá. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyàwó lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un, ó tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó rán apá òsì mọ́ èjìká ọ̀tún. Ó mọ àwọn àgbà tí àwọn ọmọ wọn ní kí wọ́n sinmi. Ọjọ́ tí ọwọ́ wọn bá kúrò lára iṣẹ́, ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn sí, bí àga tí àlejò ń gbé báàgì lé. Màmá kò ṣe tán láti di àga báàgì.

Nígbà tí pátánì dé inú fódà, Màmá ṣí i. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ìbàdí, ó pòṣé. Àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ síwájú gbé àwo lé tábìlì láti àárọ̀, ṣé inú nǹkan báyìí ni wọ́n á ti máa mí? Ó fi máòsì fa ìlà ìbàdí síta, tiwájú tẹ̀yìn, ó fi ìka méjì rẹ̀ kún un, ó tọ́jú rẹ̀. Kò sọ fún Ìyàwó. Ta ní ń tọrọ àyè kó tó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ inú àwo ara rẹ̀? Ó tẹ ẹ̀yìn jáde lórí bébà, ó gé e sára aṣọ. Ibi tó ti fẹ́ tẹ iwájú ni yíǹkì ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó di ọjọ́ kejì kí yíǹkì tó dé. Ó tẹ iwájú, ó gé òun náà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ń kọrin bó ṣe ń gé e.

Orin náà dá mọ́ ọn lẹ́nu nígbà tó kó iwájú àti ẹ̀yìn lé ara wọn. Ní èjìká, wọ́n bára mu. Lábẹ́ apá, wọ́n bára mu. Ní ìbàdí, ẹ̀yìn yọ kọjá iwájú lọ́tùn-ún lósì, bí ètè ẹni tó ń bínú. Màmá sáré sídìí kọ̀ǹpútà. Ìbàdí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fẹ̀ lánàá ti padà rí tínínrín, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ká aṣọ gígé náà, ó kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Aṣọ mìíràn ò sí, ọjọ́ tí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ sì ti sún mọ́lé. Bí Ìyàwó bá rí i, kò ní bèèrè ẹni tó dín ìbàdí kù. Ohun tó máa rí ni pé Màmá gé iwájú ní kékeré, ó gé ẹ̀yìn ní ńlá, ojú ti ṣú, ọwọ́ ti ṣìnà, ẹ wá sinmi. Àfi kí òun mú ẹni tó ń ṣe é kó tó di ọjọ́ náà.

Ó tún ìbàdí fẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti fún. Ó tún fẹ̀ ẹ́, ó lọ wẹ̀, ó padà dé pẹ̀lú ọṣẹ létí, ó ti fún.

Ó kọ́kọ́ fura sí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun, kò jẹ́wọ́. Ó wá fura sí Àna Oníwáyà. Ó pè é lórí fóònù, ó bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè iṣẹ́, ó wá rọra bi í bóyá èèyàn lè wà níbòmíràn kó sì wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni. Àna ní ó ṣeé ṣe, bí onítọ̀hún bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé, tó sì ní àṣẹ. Màmá ní, ta ló ní àṣẹ? Àna ní ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni, ṣé kò sí o, Màmá? Màmá ní kò sí, òun kàn ń ronú ni. Ó gbé fóònù kalẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Síbẹ̀, àgbà kì í fẹ̀sùn kan èèyàn láìrí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún ìbàdí fẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ, ó fá a di lẹ́búlẹ́bú, ó fọ́n ọn sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà àti sórí máòsì. Ó wá pariwo ní ọ̀ọ̀dẹ̀ pé òun ń lọ ra òwú o, òun lè pẹ́ o, débi tí aládùúgbò fi dáhùn láti inú ilé tirẹ̀ pé kí Màmá lọ re kó bọ̀ re. Kò lọ ju ẹ̀yìn ilé lọ. Nígbà tó padà, ó fi gíláàsì wo bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́búlẹ́bú náà wà bó ṣe wà, kò sí àmì ìka kan. Ó gbá a kúrò, ó ṣí pátánì. Ìbàdí ti fún.

Olè tí kì í tẹlẹ̀, tí kì í fọwọ́ kan nǹkan, irú olè wo nìyẹn? Ó yí orí wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ẹ̀yìn náà sì pọ̀ tó láti wò.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló ń bọ̀ wá bu omi mu, ló bá gbọ́ ohùn Ìyàwó nílé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màmá kò pète láti gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dúró fúnra rẹ̀.

"Ẹnì kan ń fọwọ́ kan iṣẹ́ mi," Ìyàwó ń wí. "Màá yà á tán, màá padà dé, màá bá a bámìíràn. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló wà nílé yìí?" Ó gbọ́ tọkọ rẹ̀ tán. "Rárá, má pè wọ́n. Fi í sílẹ̀ fún mi, mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Màmá gbé ife òfo padà sí yàrá. Ó ti yé e wàyí. Ìyàwó ló ń dín ìbàdí kù, òun kan náà ló ń kéde pé wọ́n ń ba iṣẹ́ òun jẹ́, kí ọmọ lè gbà pé ìyá ti ń ṣarán. Ọgbọ́n burúkú ni, Màmá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i fún un. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá méjì bá ń jẹun pọ̀. Ìyàwó kí Màmá kú ìjókòó, Màmá kí i kú iṣẹ́ ọbẹ̀. Ìyàwó bèèrè bóyá wọ́n ti gé aṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Màmá ní ó kù díẹ̀. Ìyàwó ní ó kù díẹ̀ báwo? Màmá ní díẹ̀ bí díẹ̀ ṣe máa ń kù. Kálukú ń wo ọwọ́ ẹnì kejì, ẹran tó wà láàárín wọn kò sì rí ẹni mú un.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì dé, Màmá pinnu. Bí olè yìí ò bá ní ẹsẹ̀, òun ní ìdí. Òun á ṣí pátánì náà sílẹ̀, òun ò ní pa á dé, òun ò ní dìde níwájú rẹ̀, bí ẹni tó jókòó lé ọmọrí ìkòkò. Ó fẹ ìbàdí, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì jókòó. Ibẹ̀ ló ti jẹun. Ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n, ó mú un mọ́ra, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, ó ń bẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó fẹ́ sunkún lójú àlejò. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà ò mira.

Oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò lójú fèrèsé nígbà tí bàtà Ìyàwó dún ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, pátánì òtẹ́ẹ̀lì kọ̀, kò ṣí fún mi."

"Kí ló dé tí kò ṣí?" Màmá fara balẹ̀ bí ẹni tí ẹja ti fẹnu kan ìwọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ní ẹni náà ò tíì pa á dé."

"Ta ni ẹni náà?"

"Ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà. MÀMÁ."

Màmá wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wo Ìyàwó. Ó ní tòun ni òun ṣí, inú àwo òun ni òun wà, kí ló kan òun kan ìkòkò ẹlòmíràn? Ìyàwó ní àwo wo, ìkòkò wo? Màmá wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti iyọ̀ fún un. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ẹnu Ìyàwó ń là sí i.

"Màmá, kò sí àwo kankan. Inú kọ̀ǹpútà tèmi ni fódà yẹn wà, fèrèsé lásán ni Àna là fún yín. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá bu iyọ̀, ìkòkò mi lẹ̀ ń bù ú sí."

"Irọ́ ni."

Ìyàwó ò jiyàn. Ó ní kí Màmá fa ìbàdí náà síta, kó fà á dáadáa, kó tọ́jú rẹ̀, kó pa á dé, kó wá tẹ̀ lé òun. Màmá fà á débi tí obìnrin inú pátánì náà fi dà bí àgbá omi. Wọ́n la ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá. Ìyàwó ṣí pátánì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àgbá omi náà ló dúró síbẹ̀, ó ń wo àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀yin lẹ ń fẹ ìdí àwọn obìnrin òtẹ́ẹ̀lì," ni Ìyàwó wí.

"Ìwọ lo sì ń gé e mọ́ wọn lára."

Màmá ronú kan ṣọ́ọ̀kì tó fá, ó ronú kan òwú tí kò lọ rà, ó ronú kan ìtọ̀ tó ń mú mọ́ra láti àárọ̀, ni ẹ̀rín bá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní kí Ìyàwó tètè yàgò kí ẹlẹ́yà tó ṣàn sílẹ̀. Ó sáré. Láti ilé ìtọ̀, ohùn rẹ̀ ń jáde pé ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Pé òun fi gbogbo ọjọ́ ṣọ́ olè, òun alára ni olè.

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rántí abẹ́ ìrọ̀rí.

Ó lọ mú aṣọ gígé náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìyàwó gbé iwájú lé ẹ̀yìn. Ó rí ètè tó yọ síta lọ́tùn-ún lósì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi í pamọ́?"

"Mo rò pé o fẹ́ gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi."

Ìyàwó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú aṣọ náà, kò gbé orí sókè. "Mo rò ó, Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí ìbàdí ń yí padà, mo ní bóyá ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n lórí máòsì tẹ́ ẹ ò mọ̀. Mo ní tí iṣẹ́ yìí bá tán, màá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fi gígé sílẹ̀."

"Ọwọ́ mi ò gbọ̀n."

"Mo ti wá rí i. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Màmá ò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ ni tàbí kí òun bínú. Ìyàwó ní ohun tó kù ni kí wọ́n gé ẹ̀yìn kù, kó bá iwájú mu. Màmá mú àlùmọ́gàjí, ó gbé e dé ojú aṣọ, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó bi Ìyàwó pé níbo ni ìdí wà lára obìnrin, níwájú ni àbí lẹ́yìn? Ìyàwó ní lẹ́yìn ni. Màmá ní kí ló dé tí wọ́n á fi wá gba ààyè ẹ̀yìn nítorí iwájú tí kò bèèrè? Kí wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe fẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́ àlékún rẹ̀ po ní kékeré-kékeré nísàlẹ̀ ìgbáròkó kí ojú-rírán tó pàdé. Ìyàwó wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta bàtà ẹsẹ̀ kan fún. Ṣùgbọ́n aṣọ mìíràn ò sí, ló bá lọ fi òwú sí ẹ̀rọ. Màmá ń ṣẹ́ ẹ po, Ìyàwó ń rán an, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àwàdà.

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì mú ọ̀kan nínú àwọn obìnrin rẹ̀ wá. Obìnrin náà wọ gáùn, ó dúró. Iwájú tẹ́ pẹrẹsẹ bí Ìyàwó ṣe fẹ́. Ọ̀gá yí i ká, ó fi ìka méjì fa aṣọ lẹ́yìn, ó ní kí ni gbogbo ìdìpọ̀ yìí, ṣé wọ́n fi aṣọ òun ṣeré ni? Màmá ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́, kó ní kí ọmọ náà jókòó.

Obìnrin náà jókòó, ó dìde, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni ń gbé àwo lé tábìlì. Gáùn náà kò gùn ún lẹ́sẹ̀ wá sókè. Ó tún jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó sì sọ ohun tí kò sí ẹni tó bi í, pé tàwọn ti tẹ́lẹ̀, bí àlejò bá ti pè wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ di ẹ̀yìn gáùn mú kí wọ́n tó tẹ̀. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọrùn gáùn náà ga jù, kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, aṣọ yòókù á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá bèèrè ẹni tó ya pátánì náà.

Màmá gbé ojú kúrò lára gáùn. Ó wo Ìyàwó.

"Èmi ni mo ya iwájú," ni Ìyàwó wí. "Màmá ló fẹ ẹ̀yìn."

Kí ẹ má rò pé ìfura lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí aṣọ yòókù dé, Màmá gbọ́ ohùn Ìyàwó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tó ń bá Àna Oníwáyà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ní kó ṣe fódà yẹn kí wọ́n lè máa wò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lè fọwọ́ kàn án. Màmá mọ ẹni tí wọ́n ń jẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo àlùmọ́gàjí. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ sídìí kọ̀ǹpútà, nítorí ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́, ó yẹ kó kúkú lọ fọwọ́ tì í wò.

Ohun tó bá nínú fódà ti di méjì. Ìyàwó ti ya pátánì náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó pe ọ̀kan ní IWÁJÚ, ó pe èkejì ní Ẹ̀YÌN. Màmá ṣí IWÁJÚ, ó fa ìlà ìbàdí. Kọ̀ǹpútà sọ fún un pé kó máa wò ó, kó má fọwọ́ kàn án. Màmá pòṣé sí i. Ó wá ṣí Ẹ̀YÌN, ìka rẹ̀ rọra tẹ máòsì bí ẹni ń tẹ ikùn ọmọ tuntun. Ó fà á díẹ̀. Ìlà náà tẹ̀ lé e.

Ó jáwọ́, ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí ẹnikẹ́ni.

"Màmá," ohùn Ìyàwó wá láti òdìkejì ọ̀ọ̀dẹ̀, "ẹ rọra ṣe ẹ̀yìn yẹn o."

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn án," ni Màmá dáhùn, ó sì fi ìka kan kún un.